Kọ̀ǹpútà Mọ́kànlá Tí Ọ̀gá Kọ Òkú Sí Lára

Tábìlì tuntun mọ́kànlá ni ó wà nínú ilé iṣẹ́ wa, kò sì sí nǹkan kan lórí ọ̀kankan nínú wọn. Oṣù mẹ́sàn-án ni a fi ń nù wọ́n láràárọ̀. Bí eruku bá bà lé wọn, Ọ̀gá á fi ìka kan fà á, á gbé ìka náà sókè kí gbogbo wa lè rí i, á ní, "Ṣé bí a ó ṣe gba àlejò nìyí?" Àlejò tí ó ń wí ni àwọn kọ̀ǹpútà tuntun tí ó ti ránṣẹ́ pè láti òkè òkun. Àlejò náà kò dé. Tábìlì ń dán.

Awò ojú ni a ń ṣe. Àwọn dókítà ojú á kọ ìwọ̀n ránṣẹ́ sí wa, a ó gé awò, a ó fi í sínú férémù rẹ̀, a ó sì dá a padà. Ẹ̀rọ mẹ́ta ni ó ń gé awò, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní kọ̀ǹpútà tí ń sọ fún un ibi tí yóò gé àti ibi tí yóò ti dúró. Ẹ̀rọ tí kò ní kọ̀ǹpútà dà bí ọwọ́ tí kò ní orí: agbára wà, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ó ń ṣe. Mo mọ àwọn ènìyàn kan tí ó rí bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ní ọ́fíìsì.

Èmi ni akọ̀wé níbẹ̀. Ìyá Akọ̀wé ni wọ́n ń pè mí. Ọ̀gá náà ní orúkọ tí a fi ń pè é tí ó bá ti kúrò nítòsí: Ọ̀gá Tuntun. Kò sí ohun tí ó fẹ́ràn bí ohun tuntun. Àga rẹ̀ ti pé ọdún méjì, ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ilé ìtajà ṣì wà lára rẹ̀. Bí Ọ̀gá bá ń ronú, a máa ń gbọ́ ọ, nítorí ọ̀rá náà á máa ké lábẹ́ rẹ̀. Ìgbà mìíràn wà tí gbogbo ọjọ́ á lọ tí a kò ní gbọ́ nǹkan kan.

Ohun tí ó dá àwọn kọ̀ǹpútà wa dúró sí òkè òkun kéré ju èékánná lọ. Ọpọlọ kan wà nínú gbogbo kọ̀ǹpútà, ṣíìpù ni wọ́n ń pè é. Àwọn tí ń ṣe é kò pọ̀, wọn kò sì lè ṣe é tó fún gbogbo ayé. Ọkọ̀ ń fẹ́ ẹ, fóònù ń fẹ́ ẹ, fíríìjì pàápàá, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí omi tutù lọ, ní òun náà kò lè gbé ayé láìsí ọpọlọ. Ẹni tí yóò ta kọ̀ǹpútà fún wa ń kọ lẹ́tà sí wa lóṣooṣù. Lẹ́tà kìíní ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lẹ́tà kẹta ní oṣù mẹ́fà. Lẹ́tà kẹjọ kò dárúkọ oṣù mọ́. Ó kí wa, ó kí ìdílé wa, ó ní kí Ọlọ́run fún wa ní sùúrù. Èmi ni mo ń fi wọ́n sínú fáìlì. Wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ ìjọ pé a kì í sọ lẹ́tà oníwà pẹ̀lẹ́ nù.

Nígbà tí Ọ̀gá ń lé àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ jáde, mẹ́ta péré ni ó fi sílẹ̀ nídìí àwọn ẹ̀rọ, kí wọ́n ṣe adelé títí tuntun yóò fi dé. Adelé náà jọba pẹ́. Ọ̀kan kú, èkejì tẹ̀ lé e. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ẹ̀kẹta tú èéfín díẹ̀ bí ẹni tí ń mí kanlẹ̀, ó sì dákẹ́.

Ọ̀ọ́dúnrún awò ni a ti ṣèlérí fún ilé iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ èrò kan, fún àwọn awakọ̀ wọn, ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni a gbọ́dọ̀ kó o fún wọn. Tí a kò bá rí i kó, wọn á gbé iṣẹ́ wọn lọ síbòmíràn. Ọ̀gá pè wá jọ, ó sọ ọ́ láì fi epo bọ iyọ̀: tí iṣẹ́ yẹn bá lọ, òun á ti ilẹ̀kùn, àwa méjèèjìlá á sì máa lọ sílé. Gbogbo wa gbọ́. Èmi nìkan ni mo gbọ́ ọ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kan nínú báàgì mi.

Kọ́kọ́rọ́ yàrá ọkọ mi ni.

Iṣẹ́ ọkọ mi ni kí ó máa tún kọ̀ǹpútà ṣe. Bàbá Àlòkù ni àdúgbò ń pè é, á sì jẹ́ wọn bí ẹni pé oyè ni. Ní ọdún tí ó kọjá, ní ọjọ́ tí Ọ̀gá buwọ́ lu ìwé àwọn kọ̀ǹpútà tuntun, ara rẹ̀ kò gbà á kí wọ́n dé kí ó tó lé ti àtijọ́. Ó ní kí a to mọ́kànlá sí ìta nínú oòrùn. Ó sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú lórí ìlọsíwájú. Lẹ́yìn náà ni ó mú búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà pupa, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ÒKÚ gàdàgbà sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí òṣìṣẹ́ kankan má baà yọ́ gbé e padà wọlé. A pàtẹ́wọ́. Kí ni à bá tún ṣe? Kí onípàǹtí irin tó dé, ọkọ mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọlanke.

Ọ̀gá bi í pé, "Bàbá Àlòkù, kí lẹ fẹ́ fi òkú ṣe?"

Ọkọ mi ní, "Màá kàn bá wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀ ni, Ọ̀gá."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ibi jókòó sí. Àwọn kan nínú wa bá a rẹ́rìn-ín. N kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò gbèjà ọkọ mi náà, mo sì rántí ìyẹn dáadáa.

Oṣù mẹ́ta ni ọkọ mi fi wà pẹ̀lú wọn nínú yàrá yẹn. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni ó ní àyà ń dun òun, ọ̀sán kò sì bá a. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá náà, mo sọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú báàgì, ó sì ti di oṣù mẹ́fà. Kò sí ẹni tí ó fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí èmi lára, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá wo dígí, mo máa ń rò pé wọ́n kàn gbàgbé ni.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọ̀gá pe ìpàdé.

Ó ní, "Ẹ mú ìmọ̀ràn wá. Kò sí ìmọ̀ràn tí a máa kọ̀ lónìí."

Olójú-Mẹ́rin nawọ́. Òun ni olórí àwọn tí ń gé awò. Láti kékeré ni ó ti ń lo awò tí ó nípọn bí ìdí ìgò. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká wá àlòkù tí wọ́n ti tún ṣe."

"Yàtọ̀ sí ìyẹn."

"Àwọn ilé iṣẹ́ tó tóbi jù wá lọ ń ṣe é, Ọ̀gá. Ilé ìwòsàn tó wà lẹ́yìn wa yìí, àlòkù ni kọ̀ǹpútà wọn."

"Ẹ ò rí i pé ara àwọn aláìsàn wọn kì í tètè yá?"

"Ọ̀gá, àwọn ẹ̀rọ wa fúnra wọn ti lé lógún ọdún. Wáyà wọn ò bá ihò kọ̀ǹpútà òde òní mu. Àwọn àtijọ́ yẹn ló bá wọn mu."

"Kí tuntun dé ná. Ihò á wá ara ẹ̀." Ọ̀rá àga ké lábẹ́ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká fọwọ́ gé e. Àwọn bàbá wa, ṣé kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń gé awò?"

Olójú-Mẹ́rin ní, "Àwọn bàbá wa ò gé awò, Ọ̀gá. Wọn ò ríran ni."

A fọwọ́ gé e. Nígbà tí ó fi di ìrọ̀lẹ́, ènìyàn márùn-ún ti gé awò méjì, awò kan nínú méjèèjì sì jẹ́ ti ojú òsì lọ́tùn-ún lósì. Ó ku ọ̀ọ́dúnrún dín ẹyọ kan. Ọ̀gá ní ìbẹ̀rẹ̀ kì í fararọ, ó sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa tọ́jú àwọn tábìlì títí àlejò yóò fi dé. Òun náà ni alága. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Ṣùgbọ́n akólòlò ti òwe kò ní kí á pe baba ní ọjọ́ Ẹtì.

Mo ń palẹ̀ mọ́ láti máa lọ sílé nígbà tí Olójú-Mẹ́rin wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi. Ó bọ́ awò rẹ̀, ó ń nù ún.

"Màmá, mi ò ní bi yín."

"O ò tíì bi mí náà."

"Ìyẹn gan-an ni mò ń sọ. Mo rí ọmọlanke lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n mi ò ní bi yín."

"Ó dáa."

"Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́. Ìyẹn náà, mi ò ní mẹ́nu bà á."

"Ó ti dùn mọ́ mi pé o ò mẹ́nu bà á."

"Ẹ ẹ̀ ní bínú sí mi?"

"Sí kí ni? Ṣé o sọ nǹkan ni?"

Ó fi awò rẹ̀ sójú, ó kúnlẹ̀ kí mi pé ó dàárọ̀, èyí tí kò ṣe rí, ó sì lọ.

Àbúrò ọkọ mi máa ń yà kí mi ní àràárọ̀ Ọjọ́rú kí ó tó gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ jáde. Nígbà tí mo wọlé ọkọ ni mo sọ ọ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, nítorí ó tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà yẹn. Ikùn rẹ̀ ti dé láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé kì í gba orúkọ padà. Ó bá mi níwájú ilẹ̀kùn yàrá náà, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, n kò sì mọ ìgbà tí mo ti dúró síbẹ̀.

"Ìyàwó, ṣé kò ṣí ni? Jẹ́ kí n já a."

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí ẹ bá já a, ṣé ibẹ̀ á gba ikùn yín?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó wo ilẹ̀kùn náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ò ní bínú tó o bá ṣí i. Kò ní bínú náà tó ò bá ṣí i. Ìyẹn ni wàhálà òkú. Wọn kì í bínú."

Mo ṣí i.

Òórùn òjé yíyọ́ tí ó fi ń lẹ wáyà ṣì wà níbẹ̀. Awò rẹ̀ wà lórí tábìlì, ó ká apá rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tí ń dúró de ìbéèrè. Àwọn kọ̀ǹpútà tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ọ̀dà pupa Ọ̀gá wà lára wọn síbẹ̀. Ọkọ mi kò nu ọ̀kankan kúrò. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ÒKÚ kọ̀ọ̀kan, ó ti fi bírò kọ ọ́ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ pé: "Ó rẹ̀ ẹ́ ni."

Méjì nínú wọn ti ṣófo pátá. Ara wọn ni ó ti yọ ohun tí ó fi mú àwọn mẹ́sàn-án yòókù jí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn nígbà tí tuntun bá wọ́n, ó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nígbà tí mo máa ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún un: a kì í wá ọpọlọ tuntun kiri, a ń wo ohun tí ó wà nílẹ̀, a ń wá èyí tí ó lè ran èkejì lọ́wọ́. Mẹ́jọ ti parí. Ìkẹsàn-án wà lórí tábìlì ní ṣíṣí, àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ wà nínú ọmọrí ìgò kan.

Ó lẹ ìwé kékeré mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti àkọ́kọ́ kà báyìí: "Mo gbọn eruku rẹ̀, ó tó ṣíbí mẹ́rin. Mo pààrọ̀ bátìrì inú rẹ̀. Fáànù rẹ̀ ń ráhùn, mo fi òróró sí i. Agbára ìrántí rẹ̀ kéré, mo gba ti ìkọkànlá kún un. Ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta láì sinmi. Tí ẹni tó ni ín bá padà wá a, ẹ fún un. Ẹ má fi í ṣẹ̀fẹ̀."

Mo ka ìlà tí ó kẹ́yìn yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó mọ̀ pé Ọ̀gá á padà. Ó sì mọ irú ìyàwó tí òun fẹ́.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tan wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti wò ó bóyá wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mo ti gbàgbé ni bí ọkọ mi ṣe ń dán àwọn lẹ́tà orí pátákó ìtẹ̀wé wò. Àwọn mìíràn á kàn tẹ gbogbo lẹ́tà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òun á jókòó, á tẹ gbólóhùn kan. Nínú èyí àkọ́kọ́: "Òjò rọ̀ lónìí, ìyàwó mi ní kí n wá jẹun, mo ní ó ku díẹ̀." Nínú èyí ẹ̀kẹrin: "Ó tún pè mí wá jẹun, mo tún ní ó ku díẹ̀, ó ní kí n fẹ́ kọ̀ǹpútà." Nínú èyí ẹ̀kẹjọ: "Ó rẹ̀ mí díẹ̀ lónìí."

Mo wá ìwé àti bírò. Mo da gbogbo rẹ̀ kọ, gbólóhùn mẹ́jọ, pẹ̀lú àmì ohùn wọn. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ṣùgbọ́n ìlà tí mo kọ kò tọ́. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ yí ojú sí ògiri, ó ní eruku yàrá yìí pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà ni a kó mẹ́jọ náà sínú ọkọ̀.

Ọ̀gá wà lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ nígbà tí a dé. Ó rí ọkọ̀ akẹ́rù, ojú rẹ̀ là.

"Wọ́n ti dé! Mo sọ fún yín! Mo sọ fún yín àbí mi ò sọ?" Ó sáré lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó ká tapólì sókè. ÒKÚ mẹ́jọ wò ó lójú, pẹ̀lú ìkọ̀wé ọwọ́ òun fúnra rẹ̀.

Olójú-Mẹ́rin ti jáde wá, ó gbá ẹnu mú.

Ọ̀gá ní, "Ìyá Akọ̀wé, kí lèyí?"

"Kọ̀ǹpútà ni, Ọ̀gá. Àlòkù, tí wọ́n tún ṣe. Wáyà yín á bá ihò wọn mu."

"Tèmi ni àwọn wọ̀nyí."

"Tiyín ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ ìwé ẹ̀rí ikú wọn."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀dà funfun kùn wọ́n ná kí wọ́n tó wọlé. Tí oníbàárà bá yà wá, kí ni wọ́n máa rò?"

"Ẹ ò ní kun nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe wà yìí ni wọ́n máa wọlé. Ẹ̀yin lẹ sì máa gbé wọn wọlé, Ọ̀gá, kì í ṣe àwa. Tí ìyẹn ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, àbúrò ọkọ mi ò tíì pa ọkọ̀."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní, "Ọkọ̀ ń jẹ epo o, Ìyàwó."

Mo ní ọ̀rọ̀ nínú. Oṣù mẹ́sàn-án tábìlì dídán, ogójì ìṣẹ́jú lórí ìlọsíwájú, awò olójú òsì méjì: gbogbo rẹ̀ ti tò sí etí ahọ́n mi. Mo rántí ìwé kékeré yẹn. Mo gbé wọn mì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí ń lo oògùn tí dókítà kò fi ṣúgà sí.

Ọ̀gá gbé èyí àkọ́kọ́. Ó rí ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó dúró kà á. Ó kà á dé ìsàlẹ̀. Mo mọ̀ pé ó dé ìsàlẹ̀ nítorí ó gbé ojú sókè, ó wò mí, ó sì tètè wolẹ̀. Ó gbé kọ̀ǹpútà náà wọlé, ó padà wá gbé èkejì. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mẹ́jọ ni igbá tirẹ̀, wọ́n sì wúwo.

Wáyà wọlé bí ẹni pé ilé rẹ̀ ni. Mẹ́ta dúró nídìí àwọn ẹ̀rọ, márùn-ún gun orí tábìlì àlejò. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, Olójú-Mẹ́rin sì dúró tì í, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, a di ọ̀ọ́dúnrún awò pé sínú páálí. Ẹnikẹ́ni nínú àwa méjìlá kò lọ sílé, àfi láti lọ sùn.

Nígbà tí aṣojú àwọn ọlọ́kọ̀ wá kó o, ó na ìka sí ọ̀dà pupa, ó béèrè ohun tí ó jẹ́.

Ọ̀gá ní, "Ètò ni. Mo ti rí ọ̀wọ́n yìí lókèèrè. Mo ní kí wọ́n lọ fi àwọn wọ̀nyí pamọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan tí mo fọkàn tán. Ọ̀dà yẹn, àmì ni, kí olè má gbé e."

Aṣojú náà ní ọgbọ́n ńlá ni. Mo kọ rìsíìtì fún un, mo sì buwọ́ lù ú, láì mí.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin ni àlejò dé. Nínú mọ́kànlá, ẹyọ kan ni. Ihò rẹ̀ kò bá wáyà ẹ̀rọ kankan mu, ihò náà kò sì wá ara rẹ̀. Orí tábìlì Ọ̀gá ni ó wà báyìí, pẹ̀lú ọ̀rá lára. Kò tíì tàn án. Ó ń pa á mọ́ fún ọjọ́ tí ó bá máa nílò rẹ̀.

Ìkẹsàn-án wà lọ́dọ̀ mi. Olójú-Mẹ́rin wá sílé mi ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ó ń tọ́ka, èmi ń dè é. Mo rí i pé ọwọ́ mi mọ ibi tí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ń lọ. Àṣé gbogbo ìgbà tí mo fi ń di tọ́ọ̀ṣì mú, mo ń wò ó. Ọ̀kan ṣẹ́kù nínú ọmọrí ìgò náà tí a kò mọ ibi tí ó ti wá. Mo fi í síbẹ̀.

Nígbà tí ó tàn, ojú rẹ̀ funfun, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Olójú-Mẹ́rin ní, "Màmá, ẹ dán àwọn lẹ́tà wò."

Mo fa àga sún mọ́ ọn. Mo tẹ̀ ẹ́ pé: "Ó padà wá a. Mo fún un. N kò fi í ṣẹ̀fẹ̀ púpọ̀."

Gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́.